Ìyá Pátákó àti Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá Òwúrọ̀

Ní ilé-iṣẹ́ ọṣẹ tí obìnrin yìí ti lo ọdún méjìlélógún, kò sí ẹni tó ń pè é ní orúkọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ìyá Pátákó ni gbogbo wọn ń pè é, bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà títí dé orí awakọ̀ tó ń wá kó páálí. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà. Nígbà tó yá, ó mọ́ ọn lára, ó sì wá di pé bí ẹnikẹ́ni bá fi orúkọ rẹ̀ gan-an pè é, ó máa ń bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíì ni wọ́n ń bá wí.

Obìnrin kúkurú ni, ó sanra díẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ju ara rẹ̀ lọ. Ìdí ẹ̀rọ tó ń gé ọṣẹ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Wọ́n á se ọṣẹ nínú ìkòkò ńlá, ẹ̀rọ kan á fún un jọ, á wá jáde gbọọrọ bí ọ̀pá sórí tábìlì irin kan. Orí tábìlì yìí ni ọ̀pá ọṣẹ máa ń gbà dé ẹnu abẹ, abẹ á gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bẹ́líìtì á sì gbé e lọ bá àwọn obìnrin tó ń tò ó sínú páálí. Láti aago méje àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Ìyá Pátákó ló ń rí i pé ọṣẹ wọ ẹnu abẹ dáadáa, pé èyí tó bá wọ́ kò dé inú páálí. Ó mọ iṣẹ́ náà débi pé ó lè kọjú sí ẹlòmíì kí ó máa rojọ́ nípa ọmọ rẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ sì máa ṣa ọṣẹ tó wọ́ kúrò láìwò ó.

Ti pátákó ńkọ́? Ẹ ó ti rí irú àwọn èèyàn kan tó máa ń wá sílé-iṣẹ́ pẹ̀lú báàgì kọ̀ǹpútà, tí bàtà wọn ń dán, tí wọ́n ń pe gbogbo òṣìṣẹ́ ní ọ̀rẹ́ mi. Agbani-nímọ̀ràn ni wọ́n ń pera wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni irú wọn wá síbẹ̀ lójú obìnrin yìí. Àwọn àkọ́kọ́ pín ìwé ńlá kan fún gbogbo èèyàn, ìwé náà sì ṣe iṣẹ́ gidi, torí òun ni wọ́n fi ń gbé ẹsẹ̀ àga tó kúrú. Àwọn kejì pín fìlà tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìwúrí sí iwájú rẹ̀. Kí ọdún tó yípo, fìlà ti di ohun tí wọ́n fi ń nu epo. Ní ìgbà méjèèjì, àwọn ọ̀gá búra pé láti ọjọ́ náà lọ, ojoojúmọ́ ni nǹkan yóò máa dára sí i. Oṣù mẹ́ta ni ìbúra náà máa ń lò.

Àwọn kẹta ló gbé pátákó dúdú wá. Wọ́n kàn án mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n sì ní kí gbogbo ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ ọ̀hún máa dúró níwájú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láràárọ̀, kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ. Kí oníkálukú sọ ohun tó dà á láàmú lánàá. Kí wọ́n mú ẹyọ kan péré, èyí tí agbára àwọn fúnra wọn ká. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, kí wọ́n kọ ẹni tó máa bójú tó o, kí wọ́n kọ ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí. Tó bá parí, kí wọ́n fa ìlà sí i lórí. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ wo pátákó, wọ́n wo ara wọn, wọ́n ń ka oṣù mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n obìnrin yìí kò bá wọn kà á. Oṣù méjì ṣáájú ìgbà náà ni abẹ gé ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ ń dúró nídìí ẹ̀rọ kan náà. Ìbòrí abẹ ló ti yọ̀. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ ti já bọ́ tipẹ́, wọ́n fi okùn so ó, ẹni tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀, wọ́n á ní, "Apá òsì ni kí o máa gbà, apá ọ̀tún ń mì." Lọ́jọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, ọ̀gá àgbà wá dúró lórí ẹ̀jẹ̀, ó béèrè pé ta ló mọ̀ pé nǹkan yìí ti bàjẹ́. Gbogbo wọn tẹ orí ba, nítorí gbogbo wọn ló mọ̀. Kálukú rò pé ẹlòmíì ti sọ ọ́. Obìnrin yìí náà mọ̀, kò sì dárí ji ara rẹ̀. Nígbà tí agbani-nímọ̀ràn wá ní kí wọ́n máa sọ ohun tí wọ́n rí lánàá, ńṣe ló dà bíi pé òun nìkan ni ọkùnrin náà ń bá sọ̀rọ̀.

Àwọn abàtà-dídán lọ. Máníjà tó pè wọ́n wá náà gba ibòmíràn lọ. Pátákó bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn èèyàn ń pẹ́ dé. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan lẹ ìwé ìgbéyàwó mọ́ ọn, ẹlòmíì kọ iye góòlù tí wọ́n gbá lánàá sí i. Ìyá Pátákó ya ìwé ìgbéyàwó, ó nu góòlù. Láti ọjọ́ náà ló ti ń dé ṣáájú gbogbo èèyàn, tó ń nu pátákó, tó ń kọ ọjọ́ sí òkè rẹ̀. Tó bá di aago méje, á bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọn èèyàn láṣọ.

"Ẹ bọ́ síbí jàre. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo tọrọ, mi ò tọrọ kíndìnrín yín."

Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣe é. Máníjà mẹ́rin ló wá, mẹ́rin ló lọ. Ẹ wá wo ohun tí pátákó ṣe láàárín ìgbà náà: ilẹ̀ tó ń yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, wọ́n fi yanrìn àti sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, páálí tí àwọn obìnrin ń bẹ̀rẹ̀ mú nílẹ̀, wọ́n gbé e sókè dé ìbàdí, ìbòrí abẹ, wọ́n ṣe é kí ẹ̀rọ má lè tàn rárá bí kò bá dé pa. Kò sí èyí tí ìwé ìròyìn máa gbé nínú wọn. Ṣùgbọ́n fún odidi ọdún mẹ́sàn-án, bí gbogbo wọn ṣe kó ìka wá láàárọ̀ ni wọ́n kó o lọ sílé nírọ̀lẹ́.

Máníjà karùn-ún jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í yé wo aago ọwọ́ rẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ó wá dúró lẹ́yìn wọn níwájú pátákó fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kò sọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó ránṣẹ́ pe Ìyá Pátákó sí ọ́fíìsì.

"Ìyá, ẹ jókòó. Oṣù mélòó ló kù kí ẹ fẹ̀yìn tì?"

"Oṣù márùn-ún, sà."

"Mo ti ṣírò ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn. Tí a bá kó o jọ láàárín ọdún kan, ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ̀rọ wa kò ṣiṣẹ́." Ó rí i pé ojú obìnrin náà ti ń yí padà, ó yára fi kún un. "Mi ò sọ pé kò dáa. Mo rí ohun tó ti ṣe. Ohun tí mi ò tíì mọ̀ ni bóyá iṣẹ́ gbogbo wọn ni, àbí iṣẹ́ yín nìkan. Oṣù méjì lẹ́yìn tí ẹ bá lọ, mo máa wá wò ó. Tí mo bá rí i pé ó ti di ògiri lásán, mo máa gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá mi padà."

"Kò lè di ògiri lásán, sà. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe ju bó ṣe yẹ lọ."

"Ó dáa. A ó máa wò ó, Ìyá."

Ó gbé àyà síwájú jáde ní ọ́fíìsì náà. Ẹ̀rù ò bà á rárá. Àwọn èèyàn tí òun ti kọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án, ṣé wọ́n á wá gbàgbé lójijì ni?

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ, ó sì gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti lọ bá a tọ́jú ọmọ tuntun. Bó ṣe ń wẹ ọmọ ló ń tún ilé ọmọ rẹ̀ tò. Ní ọjọ́ kẹrin, ó lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó sì béèrè lọ́wọ́ ọkọ ọmọ rẹ̀ pé kí ló dà á láàmú lánàá. Ọkùnrin náà, ẹni tí kò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ mẹ́rin, wò ó títí. Nígbà tó máa fi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ni yóò tún ẹ̀rọ omi tó ń kán ṣe, kó tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó sì tún un ṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Ìyá Pátákó padà sẹ́nu iṣẹ́, pátákó ló kọ́kọ́ lọ wò, kó tó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ tó wà ní òkè rẹ̀ ni ọjọ́ tí òun lọ. Ìkọ̀wé tó wà níbẹ̀, ti òun ni. Ẹnikẹ́ni ò fa ìlà kankan. Eruku ti bò ó.

Nígbà tí wọ́n pé tán, ó bú wọn, kì í ṣe díẹ̀. Ó pè wọ́n ní aláìmoore. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ọmọ ọjọ́ mélòó kan pàápàá kò ní gbàgbé ọmú láàárín ìgbà yẹn. Mẹkáníìkì wọn, ọkùnrin gíga kan tí wọ́n ń pè ní Onísípánà nítorí pé sípánà kì í kúrò lápò rẹ̀, ló dá a lóhùn níkẹyìn. Aláwàdà ni, ṣùgbọ́n kò ṣàwàdà lọ́jọ́ náà.

"Ìyá, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Ta ló máa ń yan èyí tí a máa kọ?"

"Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ ọ́."

"A máa ń sọ ọ́, ẹ̀yin lẹ máa ń yàn án. Tí mo bá sọ tèmi, ẹ á ní ìyẹn ò tíì tó. Tí a bá kọ orúkọ ẹnì kan sí i, kó tó di ọ̀sán ẹ ti bá a ṣe é tán. Lọ́dún tó kọjá mo mú ṣọ́ọ̀kì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ní ìkọ̀wé mi dà bí ibi tí adìẹ ti tú ilẹ̀."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sì yára gbé e mì.

"Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé ọjọ́ tí ẹ lọ, a dúró síwájú ẹ̀ o," ni Onísípánà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Gbogbo wa. A dúró títí. A wá ṣọ́ọ̀kì, a ò rí i."

Ìyá Pátákó fẹ́ sọ pé irọ́ ni. Ó ki ọwọ́ bọ báàgì rẹ̀ láti mú áńkáṣífù, ọwọ́ rẹ̀ sì kan ṣọ́ọ̀kì. Páálí ṣọ́ọ̀kì kékeré náà wà níbẹ̀ odindi. Ó ti gbé e lọ sílé ọmọ rẹ̀, ó sì ti gbé e bọ̀.

Nígbà tó délé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó dùn ún, ojú sì tì í, kò sì mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti rò pé òun ń kọ́ wọn ní nǹkan kan, àṣé òun kàn ń bá wọn ṣe é ni. Máníjà tó ń wo aago ti rí i láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Oṣù mẹ́rin ló kù, bí kò bá sì wá nǹkan ṣe sí i, ohun tí òun fi ọkàn òun gbé ró yóò bá òun jáde lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé ṣọ́ọ̀kì sí eteetí pátákó, ó lọ dúró lẹ́yìn gbogbo wọn, ó sì ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ní, "Ó yá." Ó pa ẹnu mọ́.

Ẹnikẹ́ni ò mira. Ìṣẹ́jú kan lọ. Èkejì lọ. Ó fi eyín mú ahọ́n rẹ̀. Nígbà tó ku díẹ̀ kó sọ̀rọ̀, obìnrin kan yọ láàárín àwọn tó ń to páálí. Adákẹ́ ni wọ́n ń pe obìnrin yìí. Láti ọdún mẹ́fà tó ti wà níbẹ̀, ẹ káàárọ̀ àti ó dàárọ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ ní wọ́gọwọ̀gọ pé páálí ń ya nídìí, ó sì padà sáyè rẹ̀ bí ẹni pé kò rìn rárá. Onísípánà ní gọ́ọ̀mù ni kò dáa. Ẹlòmíì ní rárá, bí wọ́n ṣe ń jù ú sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ni. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Ní ọdún mẹ́sàn-án, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n jiyàn níwájú pátákó nìyẹn. Ọwọ́ Ìyá Pátákó ń yún un lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti dára. Oṣù àkọ́kọ́ burú. Wọ́n kọ ọ́ sí pátákó pé kí ilé-iṣẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun, wọ́n sì fi ọjọ́ Ẹtì sí i. Ọjọ́ Ẹtì dé, ẹ̀rọ kò dé. Ìyá Pátákó ti mọ̀ láti ọjọ́ Ajé, ó sì dákẹ́. Wọ́n wo ohun tí wọ́n kọ títí, Onísípánà họ orí, ó nù ún, ó wá kọ ọ́ pé epo ń jò lẹ́sẹ̀ ẹ̀rọ, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ìyẹn parí. Àwọn ọjọ́ kan wà tí kò sẹ́ni tó jáde síwájú rárá. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, Ìyá Pátákó máa ń lọ ti ara rẹ̀ mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ títí ìṣẹ́jú mẹ́wàá á fi pé, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà gbé ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀.

Adákẹ́ ló wá mú àbá wá, ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí wọ́n ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó ní kí ẹnì kan máa di ṣọ́ọ̀kì mú fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹni náà sì gbé e fún ẹni tí kò tíì dì í mú rí. Wọ́n gbà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Pátákó dé, ó sì bá ìṣòro tuntun lórí pátákó: "Ṣọ́ọ̀kì máa ń bá èèyàn lọ ìsinmi. Kí a so ó mọ́ okùn. Onísípánà. Ọ̀la." Gbogbo wọn ń wo ojú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti di ògiri mú.

Ọjọ́ tó máa fẹ̀yìn tì pé. Wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n fún un ní aago ògiri ńlá kan, Adákẹ́ gba ìdí ẹ̀rọ tó ń gé ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Máníjà sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Oṣù méjì, Ìyá. Mi ò gbàgbé." Obìnrin náà ní òun náà ò gbàgbé.

Ilé kò rọrùn fún un. Aago márùn-ún ló ṣì ń jí. Tó bá di aago méje, á jókòó síwájú aago ògiri náà, á máa wò ó títí á fi di aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á wá dìde lọ fọ abọ́. Ó fẹ́ pè wọ́n lórí fóònù lójoojúmọ́. Ọmọ rẹ̀ ló kọ̀ fún un.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n mí. Tí ẹ bá ń pè wọ́n, ẹ ò tíì kúrò níbẹ̀ nìyẹn."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó pàdé ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ tó ń kó páálí. Ọkùnrin náà kí i tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó bi í léèrè ọmọ tuntun, ó wá sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò pé ọṣẹ tí wọ́n ń dà padà sínú ìkòkò ti pọ̀ jù báyìí. Wíwọ́ ló ń wọ́. Ó ní lánàá òun rí máníjà tó dúró síwájú pátákó yẹn tó fún ojú pọ̀. Ìyá Pátákó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rìn délé láìmọ ọ̀nà tó gbà. Ó ti tán nìyẹn. Oṣù kan péré. Kò jẹun lọ́jọ́ náà, nígbà tí ọmọ rẹ̀ sì pè é, ó ní orí ló ń fọ́ òun.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Onísípánà àti Adákẹ́ ló dúró síta, tàwọn taṣọ iṣẹ́. Ó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án wá kí èèyàn lásán. Ó ní kí wọ́n wọlé, ó bu omi fún wọn, ó sì dúró de ohun tí wọ́n wá sọ.

"Ẹ má gbé àga, Ìyá," ni Adákẹ́ wí. "Ẹ wá dúró síbi tábìlì yín yìí. Ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ wà nídìí ẹ̀rọ."

"Kí ló dé? Ṣé wọ́n ti yọ pátákó ni?"

"Ta ló fẹ́ yọ ọ́?" Onísípánà wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà yé. "Pátákó ló rán wa wá. Ọṣẹ ń wọ́ láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ. Ìgbà tí ẹ lọ tọ́jú ọmọ, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe, a kàn ń dà á padà sínú ìkòkò ni, kò sẹ́ni tó kọ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, a kọ ọ́. Mo ti pààrọ̀ abẹ. A ti tú bẹ́líìtì wò. Ó ń wọ́ síbẹ̀."

"Èmi ni mo wà nídìí ẹ̀rọ," ni Adákẹ́ wí, "mo sì ń ṣe gbogbo ohun tí ẹ kọ́ mi. Torí náà ohun kan wà tí ẹ máa ń ṣe tí ẹ ò kọ́ mi. Ohun tí a kọ sí pátákó láàárọ̀ yìí nìyẹn: kí a lọ wo Ìyá bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Èmi àti ẹ̀gbọ́n yìí. Òní."

"Kò sí ohun tí mo fi pamọ́," ni Ìyá Pátákó wí, inú sì fẹ́ máa bí i.

"A mọ̀. Ẹ sáà ṣe é ká wò."

Ó dúró síbi tábìlì tó ti ń jẹun. Ó ń ṣe é bí ọmọdé tó ń ṣeré, ojú sì ń tì í díẹ̀. Ó na ọwọ́ ọ̀tún bí ẹni gba ọ̀pá ọṣẹ, ó fi tòsì tọ́ ọ sọ́nà, ó yí orí sápá kan bí ó ti máa ń yí i tó bá ń rojọ́. Ara rẹ̀ mú iṣẹ́ náà. Lẹ́ẹ̀kan náà, ìbàdí rẹ̀ lọ gbì, ó kọlu eteetí tábìlì. Tábìlì sún, ife omi Onísípánà dànù.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ìbàdí náà.

"Ẹ tún un ṣe," ni Adákẹ́ wí.

Ó tún un ṣe. Ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì, ó yí orí, gbì.

Onísípánà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ gbá ilẹ̀. "Tábìlì irin yẹn ni! Ẹ̀rọ ló ń gbọ̀n ọ́n kúrò láyè, díẹ̀díẹ̀, tí ojú ò lè rí i. Ìbàdí yín ló ń tì í padà. Tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, àwọn tó ń gbálẹ̀ á tún un tò, tí mo bá wá wọ̀n ọ́n láàárọ̀, á gún régé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fi ń tú abẹ tí kò ṣẹ̀ mí."

Ìyá Pátákó di tábìlì mú. Ìbàdí ọ̀tún yẹn ti ń dùn ún láti ọdún tó ti pẹ́, ó sì ti kun oògùn sí i títí ó fi sú u. Láti oṣù tó kọjá ni kò ti dùn ún mọ́, ó sì rò pé ìsinmi ló wò ó sàn. Ó ronú nípa gbogbo òwúrọ̀ tí òun ti dúró síwájú àwọn èèyàn, tí òun ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí lánàá. Òun fúnra rẹ̀ ti ń fi ara ti nǹkan tó bàjẹ́ padà sáyè fún ogún ọdún, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

"Mi ò mọ̀," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò ju ara rẹ̀ lọ mọ́. "Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò mọ̀."

"Báwo lẹ ṣe máa mọ̀?" Adákẹ́ ti ń wá aṣọ tó máa fi nu omi. "Ẹni tó ń ṣe é kò lè rí i. Ẹlòmíì ló máa wò ó. Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wa."

Obìnrin náà kò rántí pé òun sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Ó jókòó wàyí. "Máníjà ńkọ́? Wọ́n ní ó dúró síwájú pátákó, ó fún ojú pọ̀."

"Ó ń kà á ni," ni Onísípánà wí. Ó ti dìde, ó ń nu ojú rẹ̀. "Ìkọ̀wé Adákẹ́ ò rọrùn láti kà. Máníjà fúnra rẹ̀ ló dúró nídìí ẹ̀rọ fún wa báyìí ká tó lè wá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ká kúkú sọ ọ́ di ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Kí lẹ wá sọ?"

"A ní rárá, sà. Mẹ́wàá ti tó."

Ìyá Pátákó fi ọwọ́ bo ẹnu. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ máa sunkún. Ó dìde, ó na ọwọ́ sí ìborùn rẹ̀ tó wà lẹ́yìn àga.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ. Màá fi ibi tí tábìlì yẹn gbọ́dọ̀ dúró hàn yín."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Adákẹ́ ló sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ọmọ ṣe ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ẹ jókòó, Màmá. A ti rí ohun tí a wá wò. Ẹ̀gbọ́n máa fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́lẹ̀ lónìí."

Wọ́n kí i, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì ń yára lọ nítorí máníjà tó wà nídìí ẹ̀rọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ. Onísípánà ń fi ìbàdí kọlu afẹ́fẹ́ láti fi bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ fún àwọn yòókù hàn, Adákẹ́ sì ń gbá a léjìká. Wọn ò bojú wẹ̀yìn. Ó dúró níbẹ̀ títí wọ́n fi yà ní kọ̀rọ̀, ó gbé ìborùn padà sórí àga, ó sì wá nǹkan jẹ, torí ebi ti ń pa á láti ọjọ́ mẹ́ta.